Ilà Mẹ́ta

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí Kérésì pé,
ọyẹ́ ti bo Olúmọ,
òkúta náà dà bí àgbàlagbà tó faṣọ borí sùn.
Mo jókòó sí ìsọ̀ Ṣówándé ní Adátán,
jẹnẹrétọ̀ ń hó lẹ́yìn ògiri bí ìkòkò ẹ̀wà,
mo ń bá ẹ̀rọ ayàwòrán sọ̀rọ̀
bí ìgbà tí èèyàn ń rán ọmọdé níṣẹ́:
Ya ìyá àgbà kan fún mi,
ìyá Ẹ̀gbá, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin,
kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé tó fi páànù pupa borí,
kó máa rẹ́rìn-ín. Ọdún ló dé.

Àmì róbótó kan ń yí, ó ń yí.
Àwòrán jáde.
Yìnyín ń bọ́ sórí páànù wa!
Yìnyín, ní Ìjemọ̀,
níbi tí a ti ń di abẹ̀bẹ̀ mú sùn lóṣù Ọ̀pẹ.
Àgbọ̀nrín kan dúró létí kànga,
ó ń wò wá bí ẹni tó wá gba owó orí.

Ṣówándé rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.
"Sọ fún un pé ọyẹ́ la ní níbí."
Mo sọ. Kò gbọ́ ọyẹ́. Mo pè é ní eruku,
ó da eruku bo ilé
bí ìgbà tí lọ́rì oníyanrìn kọjá ní Lafẹ́nwá.
Ìka ọwọ́ ìyá di méje. Mo bẹ̀ ẹ́, ó di mẹ́rin.
Mo tún bẹ̀ ẹ́, ó di márùn-ún, mo ní mo dúpẹ́.
Dátà mi ń lọ bí omi inú ajere.

Mo gbé e délé. Màmá wọ awò ojú,
ó gbé fóònù jìnnà, ó gbé e súnmọ́,
ó wá rọra tẹ orí ba:
"Ẹ kú àbọ̀ o, ìyá.
Ọmọ ta ni yín ní Abẹ́òkúta yìí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Màmá."

Ó dákẹ́. Ó fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwòrán,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń dán bí ìdí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.
"Ilà mi dà?
Ẹni tó kọ ọ́ ti kú kí wọ́n tó bí bàbá rẹ.
Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sunkún,
omi ìgbín ni ìyá mi ń kán sí i.
Ta ló wá nù ún nù láìbi mí?"

Mo padà sí Adátán.
Mo kọ ọ́: ilà, mẹ́ta, lóòró, lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì.
Ó ya egbò. Mo ní kì í ṣe egbò.
Ó ya irun imú ológbò.
Ó ya obìnrin tí ẹkùn ha lójú.
Mo ní kó pa á rẹ́.
Káàdì mẹ́rìnlá jáde, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn òfìfo.

Nígbà tó dalẹ́, Màmá ní kí n mú bírò wá.
Ó ń fi ọwọ́ kan wá ojú ara rẹ̀,
ó ń fi èkejì kọ ọ́ sórí bébà,
bí ẹni tó ń táràrà wá ọ̀nà oko lókùnkùn.
Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ti Rẹ̀mílẹ́kún wọ́.
Ti Àbíọ́nà gùn dé etí.
Ó ní ti Ìbíwùnmí, kóun fi ẹ̀ẹ̀kan ṣe èènì,
ọmọ yẹn fẹ́ràn èènì láti kékeré.
Tíì dà sórí ọ̀kan. Ó ní ká má jù ú nù,
ká fi ránṣẹ́ sí Tìmílẹ́yìn ní Kánádà,
"ibẹ̀ ni yìnyín ẹ yẹn wà,
kó rí i pé ojú tèmi ò tíì dì."

Bírò gbẹ lórí ìkẹrìnlá.
Ó fi èékánná fà á.
Téèyàn bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀, yóò rí i.
Ìyẹn ni mo mú.