Ìwé Ọta

Ní Bwari, létí ọ̀nà tó lọ sí Ushafa,
ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Ọdẹ́yọyin, ń kùn fèrèsé onírin.
Kì í ṣe ọ̀dà olómi. Ìyẹ̀fun ni,
ìyẹ̀fun tó ń lẹ̀ mọ́ irin bí eruku ọyẹ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ètè,
títí ààrò yóò fi yọ́ ọ, tí yóò sì di awọ.

Ọ̀sán ni ti fèrèsé.
Bí ilẹ̀ bá ṣú, òjé ló kàn.
Èmi ni mò ń ṣa á lọ́wọ́ àwọn fọkanáísà Dutse,
àwọn ègé wúwo tí wọ́n fi ń mú táyà dọ́gba;
wọ́n rò pé mo fẹ́ fi ṣe oògùn.
Ó yọ́ nínú ìkòkò, ó ń dán bí dígí.
“Dúró lọ́hùn-ún. Òjé kì í bá omi ṣeré;
ẹni tó bá bá wọn dá sí i, ojú rẹ̀ ni yóò fi sanwó.”

Ọ̀dà tó ṣẹ́kù lára fèrèsé ilé ìgbẹ̀bí Kuduru
ló gbọ̀n mọ́ àwọn ọta náà nínú ike, jìgìjìgì,
kó tó tẹ́ wọn sórí àwọ̀n, kó tó tì wọ́n sínú ààrò.
Wọ́n jáde ní pupa fẹ́ẹ́rẹ́, bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tuntun.
Bàba Gimba, ọdẹ Gbagyi, rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́:
“Ṣé ẹ fẹ́ pa ẹran ni, àbí ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ níyàwó?”

Ìbọn náà ní ìwé àṣẹ.
Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí, lókè àwòrán ìyàwó rẹ̀.
Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nínú kòtò táwọn afọ́kùúta ti pa tì,
a gbé páálí Indomie ti òkìtì,
mo jókòó lórí àpò ìrẹsì, báírò lọ́wọ́.
Ó yìn ín. Òkè dá a lóhùn.
“Kọ ọ́: ẹ̀tù pọ̀.”
Mo kọ: etu po.
Ihò kan nílé, ihò kan lóko,
ìkẹta ò tilẹ̀ bá páálí pàdé.
“Kọ ọ́: dín ẹ̀tù kù.”
Mo kọ: din etu ku.
Ìkánjú ni mo fi ń kọ, n ò ráyè àmì.

Oṣù mẹ́ta gbáko.
Mo ti rò pé agbára ni ọta ń fẹ́;
àṣé bí a bá lé e jù, yóò ṣìnà,
bí ọmọ tí wọ́n fi ẹgba lé lọ sílé ìwé.
Lọ́jọ́ kan tí òjò ti ń palẹ̀ mọ́,
ihò márùn-ún wọnú ara wọn,
ìdérí ìgò míníra kan ṣoṣo bo gbogbo wọn.
Kò yọ̀. Ó bọ́ sálúbàtà, ó jókòó.

Ìdájí, ní fàdámà ẹ̀bá odò Usuma.
Ẹtu náà yọ láàárín koríko, ó gbé etí sókè,
ó ń jẹnu bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.
Ẹ̀gbọ́n bàbá mi mí síta.
Kò gbé ẹsẹ̀ kejì.

Nígbà tí wọ́n ń kun ún, Gimba rí ọta lábẹ́ awọ,
ó ti tẹ́ bí olú,
ìdí rẹ̀ ṣì pupa fẹ́ẹ́rẹ́.
Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó nù ún sí ṣòkòtò, ó fi lé mi lọ́wọ́.
Ó ṣì gbóná.

“Kọ ọ́.”
Kí ni n ó kọ?
Mo ṣí ìwé: etu po, din etu ku, etu to,
láti òkè délẹ̀.
Ẹni tó bá rí i lẹ́yìn wa yóò ní agbo ẹran ni mò ń kà.
Mo padà sójú ewé kìíní, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sí wọn,
ẹ̀tù, ẹ̀tù, ẹ̀tù,
títí mo fi dé ìlà tó ṣófo.
Mo kọ: ẹtu. Ọ̀kan. Abo.
Ìyẹn ò gba àmì kankan lórí.
Ọwọ́ mi ṣì wà lókè ìwé.