Agogo Kẹ̀kẹ́ Wolé-wolé

Agogo náà kò kún ọwọ́ ọmọdé.
Irin róbótó ni, ojú rẹ̀ ń dán,
ahọ́n kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí a ń fi àtàǹpàkò tì.
Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọwọ́ mi ló wà láti ọdún náà.

Wolé-wolé ló ni kẹ̀kẹ́.
Láti Ìsàlẹ̀ Àfọ́n dé Òkè Ẹlẹ́rìn,
bí agogo rẹ̀ bá ti dún, àwọn ìyá wa a da omi àmù nù,
omi tí a rù láti odò ní kùtù hàì.
Lọ́jọ́ kan, kò tẹ agogo.
Ó rọra bọ́ sínú agbo ilé,
ó tẹjú mọ́ àmù Ìyá Àṣàbí,
ó rí tanwíji mẹ́ta tí ń jó nínú omi.
Ṣílè márùn-ún.
Ìyá Àṣàbí ta ìró ìgbéyàwó rẹ̀.

Ọyáwálé, ọmọ ọmọ rẹ̀, kò sọ̀rọ̀.
Bàbá rẹ̀ wà ní Gòólù-Kóòsì, ó ń ta aṣọ níbẹ̀,
lẹ́tà rẹ̀ a máa dé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí máńgòrò.
Alẹ́ ló wá bá mi, ó ní, "Àjàdí,
ẹni tí ń wọ ilé onílé láìkágò,
kí ló tún fẹ́ fi agogo ṣe?"
Èmi ni mo di kẹ̀kẹ́ mú. Òun ló tú u.
Èmi ni mo gba inú ọgbà kajú sá lọ.
Òun ló ṣubú.

Ní kóòtù, wọ́n bi í pé ta ni ìkejì rẹ̀.
Ó wo ojú fèrèsé. Ó ní, "Ọ̀bọ ni."
Ẹ̀rín sọ. Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín.
Ọdún mẹ́rin, ní ilé-ìwé tí wọ́n ti ń tún ọmọ ṣe.

Bí a ti ń tún ọmọ ṣe, èmi kò mọ̀.
Mo mọ bí a ti ń tún ògiri ṣe:
a ó kọ́kọ́ fi àdá ṣá a lára
kí amọ̀ tuntun tó lè lẹ̀ mọ́ ọn.

Àárín ọlọ́pàá àti ewúrẹ́ ló jókòó sí nínú lọ́rì.
Àwọn ẹgbẹ́ wa sáré tẹ̀ lé e dé Tákíé.
Èmi ò sáré.
Agogo wà lápò ṣòkòtò mi,
ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ dún.

Ìyá Àṣàbí a máa fọ àmù láràárọ̀, a máa bi mí pé,
"Àjàdí, ṣé tanwíji ò sí nínú omi ìjọba?"
Ọyẹ́ ọdún kẹta ló gbé e lọ.
Mo kọ lẹ́tà. Èsì kò wá.

Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ti ga.
Ó gbé àpótí pákó kan tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn,
etí pákó wọnú ara wọn bí eyín.
Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn.
Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu.
Kò kágò. Kò wọlé.
Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó na ọrùn tààrà,
ó ń retí ohùn.
Adìyẹ ń gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé, wọ́n ń jáde.
Oòrùn kúrò lórí òrùlé, ó ṣì dúró.
Ẹni tí ì bá dáhùn
ti wà lábẹ́ ilẹ̀ nínú iyàrá kejì.

Èmi ni mo sọdá. Mo ní, "Ọyáwálé, wọlé."
Ó ní, "Ẹ ṣé, sà."
Sà!
Èmi tí a jọ gun igi máńgòrò níhòòhò.

Lálẹ́, mo tú àkísà, mo gbé agogo lé e lọ́wọ́.
Ó yí i lọ, ó yí i bọ̀ nídìí fìtílà.
Mo ti múra fún ẹkún. Mo ti múra fún ẹ̀ṣẹ́.
Ó fi èékánná ha ìpẹtà ara rẹ̀.
"Irin dáadáa ni," ó wí.
"Ta ló ni ín?"