Báàgì Iṣẹ́, ní Ọjà Wúsè

Láwàlì ní, "Ọ̀gá, èyí kì í ya."
Mi ò dá a lóhùn. Mo fa síìpù rẹ̀ lẹ́ẹ̀méje,
mo tọwọ́ bọ ìdí rẹ̀
bí ẹni ń wá ẹyin lábẹ́ àgbébọ̀.
Òòlù yóò wà nísàlẹ̀, súkúdíráfà lẹ́gbẹ̀ẹ́,
kọ̀ǹpútà yóò sùn sẹ́yìn níbi tó rọ̀:
irin kì í bá dígí pín yàrá.

Ti èṣí já mọ́ mi léjìká ní Kubwa,
lórí àkàbà;
sípánà ń dún lórí páànù bí òjò yìnyín.
Oníbàárà mi rẹ́rìn-ín. Mo bá a rín in.

"Èló ni jálẹ̀?"
Ó wo èjìká òsì mi tó ti fì,
ó bá mi fa okùn ibẹ̀ sókè díẹ̀,
kó tó wá dárúkọ owó.