Ọ̀pá Kejì

Láti ìdí ọkọ̀ l'Ókè-Baálẹ̀ dé géètì,
igba ìṣísẹ̀ ó lé mẹ́rìnlá ni, Ọ̀ṣúnníyì.
Òórùn àkàrà ni yóò kọ́kọ́ sọ fún ọ.

Nílé ìwé wa, o ò béèrè rí:
Mọ́rẹ́nikẹ́ á ka ojú pátákó sí ọ létí,
èmi á tẹ ìdánwò rẹ sí bébà líle.

Níbí, wọn ò mọ̀ ọ́.
Olùkọ́ á kọ̀wé, á nù ún, á lọ.
Dìde. Má bẹ̀bẹ̀. Sọ ọ́:
“Ẹ máa kà á sókè, sà.”

Rárá. Ó kéré.
Oníríṣáàjì ti yíjú wò wá; jẹ́ kó gbọ́.

Ọ̀pá funfun ń bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún,
ẹnu rẹ ni ìkejì.
Tún un sọ.