Kẹ̀kẹ́ Tí Apá Mi Ká

Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi.
Ó máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè l'Ékìtì
títí owó aṣọ yóò fi jáde.
Èmi ò lè lóṣòó.
Orúnkún ọ̀tún mi ti di ilẹ̀kùn tí òjò mú wú:
ẹ tì í, kò tì; ẹ ṣí i, ó ń ké.

Láti Ìjọkà dé Ẹrẹ́jà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ń sinmi.
Gbogbo òkè Iléṣà ló mọ̀ mí lórúkọ.

Mo bá wá kẹ̀kẹ́ oníná lọ.
Ọ̀kan wà l'Ókèsà, ó ń dán bí eyín ọmọge;
owó rẹ̀ jẹ owó ìfẹ̀yìntì ọdún mẹ́ta.
Pọ́ọ́kú ni ti èkejì, àmọ́ ó wúwo bí ẹ̀rọ ìlọta.
Ta ni yóò bá mi gbé e gun àtẹ̀gùn mẹ́tàlá?

Àfi Dáìsí, tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe lẹ́yìn Wẹ́sílì,
ló fa kékeré kan yọ lábẹ́ tápólì,
ó ká a sí méjì bí ìwé ìròyìn.
"Ẹ gbé e wò, Tíṣà."
Mo gbé e.
Mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo tún un gbé,
bí ẹni tó ń ka owó lẹ́ẹ̀kejì.

Iye ńkọ́?
Mo dúró tì í, n ò lóṣòó, mo ṣáà dúró,
títí iná Nẹ́pà fi dé, tó tún lọ.
Ó gé e sí ìdajì,
ìdajì ọ̀hún, díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù.

Ọmọ òṣómàáló wá jẹ gbèsè!
Bí Dáìsí bá wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà mi,
kò ní bá mi nílé.