Òkúta Inú Ìrẹsì

Igba ọmọ ló ń jẹun lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́,
igba abọ́ páànù, igba ẹnu tí kì í parọ́.
Bí iyọ̀ bá pọ̀, wọ́n á sọ. Bí ẹ̀wà ò bá jinná, wọ́n á sọ.
Èmi Clervilia, alásè ilé ìwé Bwadòm.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá ilé ìwé kówó lé mi lọ́wọ́,
ó ní, "Ra àpò mẹ́rin, kó gbé wa dé ìparí oṣù."
Mo dé ìsọ̀ Exantus, ó ti to ìrẹsì Mayámì kan òrùlé.
Ìrẹsì Mayámì: bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pè é ní Àyítì níbí,
bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò mọ ẹni tó gbìn ín.
Àpò rẹ̀ ń dán. Ó funfun bí eyín tí kò fọ́ egungun rí.
Owó ọwọ́ mi ra mẹ́rin, ó tún ṣẹ́ ti epo kù.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbálẹ̀,
àpò ìdọ̀họ mélòó kan jókòó bí àlejò tí a ò kí.
Ìrẹsì oko wa. Ó pọ́n díẹ̀,
ó ń ta sánsán bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa.
Mo béèrè iye. Exantus rẹ́rìn-ín.
"Clervilia, ṣé àánú lo wá ṣe?
Owó àpò mẹ́rin yẹn, mẹ́ta péré ló máa rà nínú eléyìí,
òkúta sì wà nínú rẹ̀."

Kò purọ́. Òkúta wà nínú rẹ̀.
Eyín iwájú ẹ̀gbọ́n mi lọ sí i nígbà kan;
títí dòní, bó bá ń súfèé, afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde.

Àmọ́ mo mọ ẹni tó ru ìrẹsì náà wá.
Odilon ni, tí ilẹ̀ rẹ̀ fara kan odò Latibonit,
Odilon tó ta kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ lọ́dún èṣí,
tó ń gbé àpò lẹ́yìn báyìí bí ẹni gbé baba rẹ̀ tó ń ṣàìsàn.
Mẹ́ta nínú igba ẹnu yẹn, ọmọ rẹ̀ ni.
Àbíkẹ́yìn wọn, Mirlande, ló máa ń fi ìka lá abọ́.

Mo dúró. Owó ń gbóná lọ́wọ́ mi.
Bí mo bá fi ìrẹsì tó lé Odilon lóko bọ́ ọmọ Odilon,
ta ni mo bọ́? Ta ni mo febi pa?
Owó tó wọkọ̀ ojú omi lọ kì í rántí ọ̀nà ilé.
Èyí tó bọ́ sọ́wọ́ Odilon á dọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ,
alágbẹ̀dẹ á fi san owó ilé ìwé,
owó ilé ìwé á tún padà sínú ìkòkò mi.
Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ bí ọbẹ̀ ṣe ń yí po lórí iná.

Mo ra mẹ́ta.

Má rò pé wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.
Ọ̀gá ní ṣé orí mi pé?
Ó ní lọ́sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù, kí ni wọ́n fẹ́ jẹ, ìfẹ́ ìlú?
Mi ò lésì. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo ka odi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti gbó.
Odi méje.

Nítorí òkúta, mo ránṣẹ́ sáwọn ìyá.
Mọ́kànlá ló wá lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. A tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀,
a gbé àtùpà sí àárín, a ń ṣà.
Ọ̀rọ̀ ń lọ, òkúta ń bọ́ sínú agolo.
Ìyàwó Odilon mú ọ̀kan, ó wò ó pẹ́,
ó ní, "Mo mọ ibi tí èyí ti wá. Abẹ́ máńgòrò wa ni.
Ibẹ̀ la ti ń pakà, lórí ilẹ̀ lásán."
A dákẹ́.
Lẹ́yìn náà ẹnì kan béèrè iye tí wọ́n ń ta àpò sìmẹ́ńtì kan.

Lọ́jọ́rú, igba ọmọ jẹun.
Ẹnu kan dúró lójijì. Mirlande ni.
Ó tu nǹkan sí àtẹ́lẹwọ́,
òkúta kékeré, èyí tí ojú àwa méjìlá fò dá.
Ó nù ún mọ́ aṣọ, ó fi sápò,
ó na abọ́ sí mi pé kí n tún bù sí i.