Ìròyìn Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Aago

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù ní Windsor.
Odò ti dì létí, àárín rẹ̀ nìkan ló ń rìn.
Lẹ́nu ọ̀nà kẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago tí a ń ki káàdì sí,
Gaetano ń fi tépù lẹ ìròyìn ẹgbẹ́ mọ́ pátákó,
ahọ́n rẹ̀ yọ díẹ̀, bí ọmọ tó ń kọ orúkọ ara rẹ̀.
Ọdún mọ́kànlá ló ti ń kọ ọ́.
Ó máa ń ṣi lẹ́tà kọ, ṣùgbọ́n kì í parọ́.

Ẹ̀rọ kọfí ti fi sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lé owó rẹ̀.
A ti kọ̀wé. Ẹ ṣì máa gbé fúláàsì yín bọ̀ ná.

Fadia, ẹ̀ka ìjókòó ẹ̀yìn, ti sọ̀ láyọ̀.
Obìnrin ló bí. Agolo owó ọmọ wà lọ́wọ́ Marcel.

Àga onírin ibùdó kẹrìndínlógún,
èyí tí Delroy fi ń sinmi orúnkún rẹ̀ tó bàjẹ́,
èyí tí ọ̀gá kan gbé lọ nítorí pé "àga ń fa oorun",
ó ti padà.
Oṣù méje. Ìwé mẹ́rìnlá. Ìpàdé mẹ́ta,
àti agbẹjọ́rò kan tó wọ táì aláwọ̀ ọsàn.
Àga kan. A borí.
A pàtẹ́wọ́ fún àga tòun ti ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ wa,
ìró rẹ̀ dà bí ẹyẹlé tó ń gbéra nílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà wá kéré,
bí ohùn ẹni tó wọ yàrá aláìsàn:

láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, kò ní sí iṣẹ́ òru mọ́.
Ẹgbẹ̀rin ènìyàn àti méjìlá.

Ilé-iṣẹ́ ní ọjà kò tà.
Bẹ́ẹ̀, àná òde yìí ni wọ́n gé àkókò wa lórí mọ́tò kọ̀ọ̀kan,
ìṣẹ́jú àáyá méjìdínlọ́gọ́ta di mẹ́rìnléláàádọ́ta.
Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.
Ọjà tí kò tà, ta ni a ń sáré kó o fún?

Èmi ni Ilẹ̀kùn Òsì. Bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn.
Nọ́ọ̀tì mẹ́rin, ẹ̀rọ ọwọ́ mi á ké lẹ́ẹ̀mẹrin,
màá fi àtẹ́lẹwọ́ tì í: gbàm.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ti ilẹ̀kùn
mọ́tò tí n kò ní jókòó sínú rẹ̀ láé.

Ljubica ń jáde bí a ṣe ń wọlé. Òru ni tirẹ̀.
Ó yọ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á,
bí ẹni pé ìdọ̀tí ló kọ ọ̀rọ̀ náà.
Ọdún méjìlélógún ló ní.
Àdéhùn wa sọ pé ẹni tó pẹ́ lè gba ipò ẹni tí kò pẹ́,
ní ẹ̀ka kan náà, lójú ọ̀sán.
Àwa fúnra wa la jà fún gbólóhùn yẹn.
A sun níta nínú yìnyín nítorí rẹ̀.
Ní ẹ̀ka tirẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni kò pẹ́ tó o:
Dušan, ọmọ tó bí.

Gaetano mọ̀. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà fi kéré.

Wọ́n ní iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́.
Ṣé ẹnu ọmọ ni ìyá yóò ti wá gba oògùn ọ̀hún?

Dušan dé, ó gbọn yìnyín kúrò ní bàtà,
ó bu tíì fún ìyá rẹ̀ nínú ìdérí fúláàsì.
Kò tíì kà á.
Ljubica fi ẹ̀yìn ti pátákó, ó rọra ń mu tíì,
ó fi èjìká bo apá ìsàlẹ̀ ìwé.

"Wọlé," ó ní. "O ti fẹ́ pẹ́."

Nígbà tó kúrò níbẹ̀ ni mo tó rí ìlà tó kẹ́yìn:
Ìpàdé, Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin, gbọ̀ngàn ẹgbẹ́.
Àga kò tó. Ẹni tó bá ní, kó gbé tirẹ̀ bọ̀.